Àgbo ibà: ṣé ó ń pa kòkòrò náà, àbí ara wa ló kàn ń fúyẹ́?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, ara rẹ̀ ti ń gbóná láti àná. Ìyá ọkọ mi ti gbé ìkòkò àgbo kaná. Wọ́n ní àgbo yìí làwọn fi tọ́ ọkọ mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ márààrún, kò sì sí èyí tó bá ibà lọ nínú wọn. Mo ní kí n gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, wọ́n ní mo ń fi ìwé tí mo kà yájú sí àwọn. Ọkọ mi dákẹ́. Ṣé sáyẹ́ǹsì fọwọ́ sí àgbo ibà ni, àbí kò fọwọ́ sí i? Èmi náà máa ń mu ún tí ibà bá dé sí mi, ó sì máa ń bá mi lára mu.

---

Ẹ gbé ọmọ náà lọ lónìí. Ẹ má dúró de ìparí ọ̀rọ̀ wa níbí.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò tíì ní agbára tí ara àgbàlagbà ti ní sí ibà ẹ̀fọn. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kòkòrò náà lè ti ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ débi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á fi funfun, gìrì sì lè mú un. Lọ́dún 2022, àjọ ìlera àgbáyé WHO ṣírò pé ẹni 608,000 ni ibà ẹ̀fọn pa káàkiri ayé. Tiwa ní Nàìjíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn ọmọdé bíi tiyín ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ ní kí wọ́n gún un níka, kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì fún un. Tí ẹ bá rí i pé kò lè mu omi mọ́, tó ń bì lemọ́lemọ́, tó ń mí gúlegúle, tàbí tó sùn tí ẹ jí i tí kò jí, ẹ má yà sí kẹ́mísí kankan. Ọsibítù ńlá ni kí ẹ gbà lọ tààrà.

Tí ẹ bá ti lọ, ẹ padà wá ka ìyókù. Ìbéèrè yín nípa sáyẹ́ǹsì tọ́ sí ìdáhùn gidi, ìyá ọkọ yín ò sì sọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

---

Kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀: ìyá ìyá mi ta èèpo àti egbò ní ọjà Bódè ní Ìbàdàn títí ojú wọn fi ṣókùnkùn. Èmi náà ti lo ọdún mẹ́rìnlá nídìí máíkírósíkóòpù, ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn lórí gíláàsì ni mò ń wò bóyá kòkòrò ibà wà níbẹ̀. Mo mọ ìkòkò yẹn, mo sì mọ gíláàsì yẹn.

Ohun tí màmá mi àgbà yìí ń kó sínú ìkòkò ibà nìyí: èèpo ahùn, èèpo awọ́pa tí àwọn kan ń pè ní dókítà igbó, tó jẹ́ pé bí ẹ bá fọwọ́ pa inú rẹ̀, ọwọ́ yín á pọ́n bí ìyeyè, ewé òrúwo, èèpo mángòrò, ẹ̀ka dongoyárò kan, ìdì ewé tíì kan, ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n là sí méjì. Omidùn ni wọ́n fi ń sè é, wọn kì í lo omi lásán. Wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé e lẹ́nu, wọ́n á wá gbé ìdérí lé ewé náà kí ooru má baà jáde.

Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn onímọ̀ ìpoògùn kó mẹ́rin nínú igi wọ̀nyí jọ: ewé mángòrò, ahùn, òrúwo àti dongoyárò. Orúkọ Látìn wọn ni Mangifera, Alstonia, Morinda àti Azadirachta. Lẹ́tà àkọ́kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fi sọ àdàlù náà ní MAMA. Wọ́n sè é, wọ́n fún àwọn eku tí wọ́n ti kó ibà ràn, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ eku náà sì dínkù. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 2014. Ti awọ́pa tilẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé láti 1991 ni ìwádìí lórí omi èèpo rẹ̀ ti jáde, lára eku náà ni. Ohun tó ń fún un ní àwọ̀ ìyeyè yẹn, palmatine àti àwọn ìbátan rẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n rò pé ó ń bá kòkòrò jà. Kódà omidùn ní ọgbọ́n nínú. Nínú láàbù, omi kíkan ni wọ́n sábà máa fi ń fa irú èròjà kíkorò bẹ́ẹ̀ jáde lára èèpo igi.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé sáyẹ́ǹsì ò rí nǹkan kan nínú àgbo ibà kò tíì wá ọ̀rọ̀ náà débì kankan. Àmọ́ eku ni mo sọ o. Kòkòrò tí wọ́n fi sára eku, Plasmodium berghei, kọ́ ló ń pa wá. Falciparum ni tiwa. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti wo eku sàn tí kò wo ènìyàn.

---

Ẹnì kan kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ewé wa náà ni òyìnbó kó lọ, wọ́n rọ́ ọ sínú páálí, wọ́n wá ń tà á fún wa. Kí ló dé tí a ò ní mu ojúlówó rẹ̀?"

Òtítọ́ wà níbẹ̀. Lára èèpo igi cinchona, igi orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni àwọn onímọ̀ oògùn méjì, Pelletier àti Caventou, ti yọ quinine, oògùn ibà, jáde ní Paris lọ́dún 1820. Ara ewé ni oògùn tí a ń lò lónìí náà ti jáde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe jáde, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Lọ́dún 1967, ìjọba Ṣáínà dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti wá oògùn ibà. Obìnrin kan, Tu Youyou, wà lára àwọn tí wọ́n gbé e fún. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú ìwé àwọn oníṣègùn ayé àtijọ́, wọ́n sì ń dán ewé wò lára eku. Ewé kan tí wọ́n ń pè ní qinghao ń ṣiṣẹ́ lónìí, kò ṣiṣẹ́ lọ́la. Ó padà sídìí ìwé Ge Hong, oníṣègùn tó ti kú láti bí 1,600 ọdún. Ohun tó kà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n rẹ ẹ̀kúnwọ́ qinghao kan sínú omi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu omi rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ iná níbẹ̀. Ìgbà náà ló yé e pé ooru ló ń ba oògùn náà jẹ́. Ó fi ether, omi kan tó máa ń tètè di afẹ́fẹ́, fà á jáde, torí ether kò nílò ooru púpọ̀. Ní 1971, èyí tí ó fà jáde bẹ́ẹ̀ pa gbogbo kòkòrò ibà lára àwọn eku náà. Ní 1972, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e mì fúnra wọn kí wọ́n tó fún aláìsàn. Artemisinin nìyẹn, òun ló sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2015.

Ewé kan náà ni. Bí wọ́n ṣe sè é, agbára rẹ̀ bà jẹ́. Bí wọn ò ṣe sè é, ó di oògùn. Èwo nínú ohun tó wà nínú ìkòkò màmá ni iná ń bà jẹ́, èwo ni iná ń ràn lọ́wọ́? Ìbéèrè tí àwọn ará Ṣáínà bi ewé tiwọn nìyẹn, tí wọ́n sì dáhùn. Ó ń dùn mí pé a ò tíì bi tiwa tó.

---

Sí ẹni tó ń polówó tíì Artemisia, ìyẹn qinghao kan náà: ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. WHO ò fọwọ́ sí i kí ènìyàn máa fi tíì ewé náà wo ibà, ìdí rẹ̀ sì yé ẹnikẹ́ni tó bá ti wo kòkòrò yìí rí. Oògùn inú ife tíì kéré, kì í sì í bára dọ́gba. Kòkòrò tí oògùn kàn tí kò kú máa ń kọ́ bí yóò ṣe máa yè é. Ní Rwanda àti Uganda, wọ́n ti rí kòkòrò tí artemisinin kò tètè ràn mọ́. Tí oògùn yìí bá bọ́ lọ́wọ́ wa bí chloroquine ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa, tí Nàìjíríà fi yí òfin ìtọ́jú ibà padà ní 2005, kí la óò fi dípò rẹ̀?

---

Wàyí o, "ó ń ṣiṣẹ́ fún mi." Ọ̀rọ̀ yìí ló pọ̀ jù níbí, mi ò sì ní pe ẹnikẹ́ni ní onírọ́.

Mo ti wà níbẹ̀ rí. Ní 2011, nígbà òjò, ibà gbé mi ṣánlẹ̀. Mo gún ìka ara mi, mo tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, mo kùn ún, mo wò ó: òrùka kéékèèké bí òrùka ìyàwó, ojú pupa kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Falciparum ni. Màmá ní kí n má ra oògùn kankan. Mo gbà, torí ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ mọ̀. Ife agolo mílíìkì kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ara mi ti fúyẹ́, mo jẹ àmàlà àwo méjì. Inú màmá dùn, tèmi náà dùn. Mo tún gún ìka mi. Òrùka náà dínkù gan-an ni, wọn ò tán. Ní ọjọ́ kejìlá, òtútù tún mú mi lójú iṣẹ́ tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ mi ló gbé mi délé.

Ohun tí àwọn olùwádìí rí ní Uganda jọ ohun tí mo rí lára mi. Wọ́n fún àwọn àgbàlagbà tó ní ibà tí kò le ní omi ewé ewúro. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrìnlá, bí ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti gbádùn. Ẹ ò rí i, iye kékeré kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó gbádùn náà, bí ìdá 32 péré ni kòkòrò tán lẹ́jẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn yẹn ni ó sì tún padà sí lára. Wọ́n tẹ èyí jáde ní 2009.

Ti Mali wúni lórí jù ú lọ. Ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè, Argemone mexicana, ni wọ́n lò. Ẹni 301 ni wọ́n pín sí méjì: àwọn kan mu omi ewé náà, àwọn yòókù lo ACT, ìyẹn oògùn artemisinin tí a fi oògùn mìíràn kún. Ó kéré tán, ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó mu ewé kò nílò oògùn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ti àwọn tó lo ACT jẹ́ 95. Èsì tó dára ni. Àmọ́ wọ́n ti kọ́kọ́ wá ìwọ̀n tó yẹ kí ènìyàn máa mu, wọ́n sì ṣọ́ àwọn ènìyàn náà pẹ́kípẹ́kí.

Ara yíyá àti kí kòkòrò tán, nǹkan méjì ni. Àgbàlagbà tó dàgbà síbí ti bá ibà jà láti kékeré. Àgbo á dín kòkòrò kù, ara á fi ìyókù jà. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní ìyókù yẹn. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá ní London tó wá ṣe Kérésì nílé náà kò ní in mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn án pé ọmọ onílé ni.

---

Ìbéèrè kan lórí ìwọ̀n: "Ṣebí ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́ náà ni?"

Ife wo? Àgbo ọjọ́ kìíní nípọn, ó korò débi tí ẹnu yóò fi kó. Lọ́jọ́ kejì, a bu omi lé e, a tún un gbé kaná. Lọ́jọ́ kẹta bákan náà. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti ń rí bíi tíì tí a fi omi là. Ife kan náà ni, oògùn inú rẹ̀ ti yàtọ̀. Igi tí wọ́n bó léèpo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti èyí tí wọ́n bó nígbà òjò kì í sábà rí bákan náà lágbára. Ibi tí mo bá àwọn alágbo jà sí jù nìyí, mo sì bá màmá tèmi náà jà sí i: wọ́n mọ ewé, wọn kì í wọ̀n ọ́n.

---

Sí àwọn tó ní oòrùn tàbí epo pupa ló fà á: oòrùn kì í fa ibà. Epo pupa kì í fa ibà. Abo ẹ̀fọn anọ́fílíìsì ló ń gbé e kiri, láti 1897 tí Ronald Ross ti rí kòkòrò náà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì.

---

Ẹni tó ní ìtọ̀ òun pọ́n rẹ́súrẹ́sú lẹ́yìn àgbo, pé ibà ló ń bá ìtọ̀ jáde: ara tó ń gbóná máa ń làágùn, omi á dínkù lára, ìtọ̀ á sì ki. Kòkòrò ibà kì í bá ìtọ̀ jáde, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé. Àmọ́ tí ojú yín náà bá pọ́n bí ìyeyè, ẹ lọ yẹ ẹ̀dọ̀ yín wò, kí ẹ sì dá àgbo náà dúró ná.

Ọ̀rọ̀ yìí mú nǹkan kan wá sí mi lọ́kàn. "Ibà" tí àwọn bàbá wa ń sọ gbòòrò ju malaria lọ. Ibà lásán wà, ibà pọ́njú wà, ibà tó ń bá orí fífọ́ rìn wà. Ìkòkò kan náà ni wọ́n sábà máa ń gbé kaná fún gbogbo wọn. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ní àgbo wo ibà òun, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ni bóyá malaria ni ibà ọ̀hún. Lójoojúmọ́ ni mò ń wo gíláàsì ẹni tó ti ń mu àgbo láti ọjọ́ mẹ́rin, tí kò sì sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àgbo ló pa á tán. Ó lè jẹ́ ọ̀fìnkìn tí yóò lọ fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ṣe tẹ́ẹ̀sì kó tó mu ún kò ní mọ̀ láéláé.

Àwọn ilé ìwòsàn kan náà jẹ̀bi o. Mo mọ ọ̀kan tó jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá wọlé, "malaria àti taifọ́ọ̀dù" ni, dírípù ni, owó ńlá ni, láìyẹ ẹ̀jẹ̀ kankan wò. Tí ènìyàn bá sá kúrò níbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá alágbo, mi ò lè bá a wí.

---

"Àgbo kò ní àléébù, ewé lásán ni."

Mi ò gbà. Òróró tí wọ́n ń fún lára èso dongoyárò, ní Malaysia, wọ́n fún àwọn ọmọ-ọwọ́ mu bí oògùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bì, gìrì mú wọn, ẹ̀dọ̀ wọn dàrú. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1981. Lára ẹranko tí wọ́n fi dán an wò, dongoyárò ba oyún jẹ́, nítorí náà aláboyún kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Òróró yàtọ̀ sí omi ewé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n igi kan náà ni, ọmọ-ọwọ́ sì kéré púpọ̀.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́. Ogógóró ni wọ́n fi rẹ àwọn àgbo tó pọ̀ ní gáréèjì. Mo ti rí ẹni tó ń lọ tábílẹ́ẹ̀tì sínú àgbo kí ó lè "yá." Èyí tó wà nínú ike tó ní nọ́ńbà NAFDAC náà, ẹ ka àlàyé ara rẹ̀ dópin: ó máa ń wà níbẹ̀ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olùtà ní ó ń wò sàn wò. Nọ́ńbà náà kò fi hàn pé ó ń wo ibà.

---

Sí ẹni tó ní òun lo oògùn òyìnbó tán, tí tẹ́ẹ̀sì ṣì ní ibà wà: ṣé èyí tó ń fi ìlà méjì hàn ni ẹ ṣe? Ohun tí èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn ń wá ni pùròtéènì tí kòkòrò fi sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò lè ti kú tán, kí ìlà kejì ṣì máa yọ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní kí wọ́n wò ó ní máíkírósíkóòpù. Ìdí kan náà nìyẹn tí ẹni tó mu àgbo kò fi lè fi ìlà yẹn dá àgbo lẹ́bi.

Ẹ rántí bóyá ẹ lò ó tán pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ń dá a dúró lọ́jọ́ kejì tí ara bá ti yá, wọ́n á tọ́jú ìyókù de ìgbà mìíràn.

---

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní ìlà méjì ló yọ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ṣì dára, wọ́n fún un ní artemether-lumefantrine (ọ̀kan nínú àwọn ACT) tó ń yọ́ nínú omi, ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń bínú, ìkòkò ṣì wà lórí iná, wọ́n ní kí wọ́n kúkú fún un ní méjèèjì.

Inú mi dùn pé ẹ lọ. Ẹ má fún un ní méjèèjì. Tí nǹkan kan bá ṣe é, a ò ní mọ èyí tó fà á. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni yóò lo oògùn náà: ìkejì, wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà, àárọ̀ àti alẹ́ fún ọjọ́ méjì tó kù. Ẹ fún un lẹ́yìn oúnjẹ tó ní ọ̀rá, ẹ̀kọ tí ẹ fi mílíìkì sí tó, torí lumefantrine kì í wọnú ara dáadáa lórí òfìfo. Tó bá bì í kí wákàtí kan tó pé, ẹ tún un fún un, kí ẹ sì padà lọ gba èyí tó dín.

Ní ti màmá, ẹ lọ kúnlẹ̀, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún wọn pé awọ́pa wọn kì í ṣe irọ́, pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ifẹ̀ ń se irú rẹ̀. Ẹ wá gbé iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Ẹ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lẹ ó fún un ní àkọ́kọ́, àbí? Aago méjì òru ni ìkejì bọ́ sí nìyẹn. Àgbàlagbà kì í sùn wọra lóru. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jí yín.